Ẹ̀rọ CNC Kékeré Nínú Ilé: Ẹ Mú Férémù Le Kí Ẹ Tó Wá Agbára

Ẹ̀rọ CNC tí wọ́n ń pè ní 3018 wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà gbẹ́ igi nínú ilé wọn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe tóbi tó: 30 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà X (láti òsì sí ọ̀tún), 18 lọ́nà Y (síwájú sẹ́yìn), nígbà tí ọ̀nà Z, èyí tí ń gbé bíìtì (irin tó ń gé igi) lọ sókè sódò, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 45 mm lọ. Ó tó láti kọ orúkọ ilé sára pákó, ó tó láti fín etí ọpọ́n Ifá kékeré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì ń fi gbẹ́ pátákó iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá gbé púláíwúùdù sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbé ìrókò tàbí àpá tó gbẹ dáadáa láti ọ̀dọ̀ àwọn alápákó Ilé-Ifẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í han, etí ohun tó gbẹ́ á rí ṣákaṣàka, òórùn igi tó ń jó á sì gba yàrá kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré rà nígbà náà ni spindle (mọ́tò tó ń yí bíìtì) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí òun ni ojú ń rí, òun náà sì ni ariwo ti ń jáde. Èrò tèmi yàtọ̀. Lára ẹ̀rọ kékeré bí èyí, agbára kọ́ ni ó sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó bí kò ṣe ara tí yóò gbé agbára náà dúró. Gbígbé mọ́tò ńlá sórí férémù tí ń mì dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹ́ńjìnnì tírélà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nítorí náà ni mo ṣe fi férémù ṣáájú nínú àlàyé yìí, tí mo fi súkúrù àti súwíṣì ààlà (èyí tí ẹ̀rọ ń kàn ní ìpẹ̀kun ìrìn rẹ̀) tẹ̀ lé e, tí spindle sì wá sẹ́yìn.

Ẹ wá ibi tí àbùkù wà kí ẹ tó náwó

Ẹ fi bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa òbìrìkìtì kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mm sára MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀), kí jíjìn rẹ̀ má ju 1 mm lọ. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì wò ó fínnífínní. Bí òbìrìkìtì náà bá tẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, ọ̀nà X ni àlàfo wà. Níbi méjèèjì wọ̀nyẹn ni X ti ń yí padà láti lọ sí òdìkejì. Mọ́tò rẹ̀ ti ń yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó wà lórí súkúrù tó ń wa ọ̀nà náà kò tíì fara kan ẹ̀gbẹ́ kejì eyín súkúrù, nítorí náà Y nìkan ni ó ń rìn fún ìwọ̀nba àkókò yẹn. Bó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ òbìrìkìtì ni ó tẹ́, Y ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá gùn bí ẹyin lọ́nà X tàbí lọ́nà Y, nọ́ńbà ìgbésẹ̀ tó wà nínú GRBL (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí mọ́tò ẹ̀rọ náà) ni kò péye, èyí kò sì gba kọ́bọ̀ láti tún ṣe. Bí ẹyin náà bá dagun, tí gígùn rẹ̀ lọ láti igun kan sí igun kejì, férémù ni kò dúró ní igun déédéé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan iná ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi $1=255 sọ fún GRBL kí mọ́tò lè di ara wọn mú, ṣùgbọ́n kí spindle wà ní pípa, kí ẹ fi ìka kan ṣoṣo rọra ti orí bíìtì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wo ẹ̀rọ náà nígbà tí ẹ bá ń tì í. Ó lè jẹ́ ọ̀pá ni ó ń tẹ̀, ó lè jẹ́ pátákó tó gbé ọ̀pá náà, ó sì lè jẹ́ tábìlì tí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé ni ó ń mì, èyí tí ó wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ibi tó bá kọ́kọ́ yẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ.

Férémù

Ọ̀pá irin róbótó tí spindle ń rìn lórí rẹ̀ sábà máa ń nípọn tó 10 mm lára ẹ̀rọ 3018. Ohun méjì ni ó ń pinnu bí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ yóò ṣe tẹ̀ tó. Àkọ́kọ́ ni gígùn: bí ẹ bá sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, yóò tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ lábẹ́ ẹrù kan náà. Èkejì ni ìnípọn: ọ̀pá 12 mm le ju ti 10 mm lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ti 16 mm sì le jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ààbọ̀. Inú ìṣirò yìí ni ìdáhùn wà fún gbogbo ẹni tó ń rò ó pé kí òun ra ọ̀pá gígùn kí òun lè sọ 30 sẹ̀ǹtímítà di 60. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ọ̀pá tí kò ní àtìlẹ́yìn láàárín. Bí iṣẹ́ yín bá ń béèrè ààyè tó gbòòrò, irin tí wọ́n fi alumíníọ́mù gbé dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú SBR, tàbí irin onígun irú MGN, ni kí ẹ rà. Ní tèmi, mo rò pé ẹni tí ọjọ́ orí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì pẹ́ kò níláti sọ ọ́ di ńlá rárá. Kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí 30 sẹ̀ǹtímítà lè ṣe.

Àwọn pátákó dúdú tó di ọ̀pá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni ohun kejì. Èyí tí wọ́n fi báké­láìtì tàbí ike ṣe máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ihò bóòtì ara wọn sì máa ń fẹ̀ sí i bí oṣù ti ń gorí oṣù. Pátákó alumíníọ́mù tó nípọn tó 8 mm tàbí 10 mm ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Ẹ lè fi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sàmì sí ojú ihò lára rẹ̀ kí ẹ tó tú u palẹ̀, kí ẹ wá fi dìrílì lù ú. Àwọn kan yóò fẹ́ kí ajórin bá wọn jó férémù irin onígun mẹ́rin. Kò burú, irin wúwo, ìwúwo sì dára. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé iná ìjórin máa ń fa irin, ohun tó gún régé kí wọ́n tó jó o lè ti lọ́ nígbà tó bá tutù. Ẹ jẹ́ kí ajórin ṣe ẹsẹ̀ àti ìpìlẹ̀ nìkan, kí gbogbo ibi tí ọ̀pá tàbí irin ìrìn yóò jókòó sí jẹ́ èyí tí a fi bóòtì dè, kí ẹ lè fi páànù tíńrín díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ níbi tó bá ti lọ sílẹ̀. Àjẹkù gránáìtì tí wọ́n fi ń ṣe orí tábìlì ìdáná jẹ́ ìpìlẹ̀ tó dára gan-an, nítorí pé ó tẹ́, ó wúwo, òjò kò sì í mú un wú. MDF kò rí bẹ́ẹ̀: ìrì àti òjò oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án nílẹ̀ Ifẹ̀ yóò mú un wú, nítorí náà pátákó MDF tí ẹ ń de iṣẹ́ mọ́ lórí ni kí ẹ máa fi bíìtì fífẹ̀ há lójú padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má di bóòtì kankan pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé ná, kí ẹ yọ súkúrù tó ń wa ọ̀nà náà kúrò lára nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti spindle lọ sí ìpẹ̀kun apá òsì. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti di bóòtì apá òsì. Ẹ tì í lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, kí ẹ di ti ibẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ẹ tì í lọ tì í bọ̀. Bó bá ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀ ní àárín ṣùgbọ́n tó ń há bó ṣe ń sún mọ́ etí kan, ọ̀pá méjèèjì kò dọ́gba lápá ibẹ̀. Ẹ tú bóòtì etí yẹn, ẹ jẹ́ kí spindle fúnra rẹ̀ fa ọ̀pá síbi tó fẹ́, kí ẹ tún un dì. Ìgbà tó bá tó yọ̀ láti etí dé etí ni kí ẹ tó dá súkúrù padà. Ní ti igun, ẹ wọn férémù láti igun dé igun tó kọjú sí i, lẹ́ẹ̀méjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá bára mu, igun rẹ̀ dúró dáadáa.

Súkúrù, nọ́ọ̀tì àti nọ́ńbà ìgbésẹ̀

Nọ́ọ̀tì idẹ kan ṣoṣo ni ó wà lórí súkúrù lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, bó bá sì ti ń jẹ ni àlàfo ń pọ̀ sí i. Nọ́ọ̀tì olórí méjì tó ní sípíríìngì láàárín ni àtúnṣe rẹ̀: sípíríìngì yẹn yóò máa ti orí kan sí iwájú, yóò máa ti èkejì sẹ́yìn, àlàfo kò sì ní rí ibi gbà. Bí ó bá le jù, mọ́tò yóò máa fo ìgbésẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lè fi ìka méjì yí súkúrù náà láìlágídí. Ẹ má fi gírísì bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun igi yóò lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì yóò sì di ohun tó ń jẹ idẹ. Òróró fífúyẹ́ díẹ̀ tó, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ti pọ̀.

Iṣẹ́ tí GRBL ń ṣe ni láti sọ ìlànà inú fáìlì di ìgbésẹ̀ mọ́tò. Bí ẹ bá tẹ $$, yóò kó gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jáde. $100, $101 àti $102 ni iye ìgbésẹ̀ fún mìlímítà kan ní X, Y àti Z. Mọ́tò tó wà lára 3018 ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kí ó tó yí ẹ̀ẹ̀kan po, driver (pátákó kékeré tó ń fún mọ́tò níná) sì ń pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, súkúrù náà sì sábà máa ń rìn 4 mm fún yíyí kan. Bí a bá fi 4 pín 200 lọ́nà 16, 800 ni yóò jáde. Ẹni tó bá fi súkúrù tó ń rìn 8 mm rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí i sí 400, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó bá gbẹ́ yóò tóbi ní ìlọ́po méjì.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ rán an ní 200 mm kí ẹ wọn ibi tó dé. Kí ó máa ti apá kan náà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, kí àlàfo má bàa wọnú ìwọ̀n yín. Bó bá rin 199 mm, ẹ fi 200 ṣe ìlọ́po 800, kí ẹ fi 199 pín in, yóò fún yín ní 804 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fura sí irú àtúnṣe yìí. Súkúrù kì í sábà purọ́ tó mìlímítà kan gbáko lórí 200. Bí ìyàtọ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, ìgbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé mọ́tò ń fo ìgbésẹ̀ tàbí pé ohun tó so mọ́tò pọ̀ mọ́ súkúrù ti dẹ̀. Ẹ di bóòtì kékeré ara rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà.

Ẹni tó bá pààrọ̀ driver ní láti tún iná tó ń lọ sínú mọ́tò wọ̀n pẹ̀lú. Fún driver A4988 tó ní resistor 0.1 ohm, fólíìtì 0.8 lórí ojú ìwọ̀n rẹ̀ túmọ̀ sí 1 A. Ẹ má sì ṣe yọ wáyà mọ́tò lára driver nígbà tí iná wà nínú rẹ̀ láéláé, nítorí yóò jó o lójú ẹsẹ̀.

Súwíṣì ààlà, àti ọ̀ràn iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni owó yín ká lẹ́yìn férémù, súwíṣì ààlà ni kí ẹ rà. Ní ìlú tí iná ti lè lọ láàárín iṣẹ́, iye wọn ju owó tí wọ́n ń tà wọ́n lọ.

Ẹ fi ọ̀kan sí ìpẹ̀kun X, ọ̀kan sí ti Y, ọ̀kan sí òkè Z. Mo fẹ́ràn kí a so wọ́n lọ́nà tí iná fi ń kọjá nínú wọn nígbà gbogbo, tí yóò já nígbà tí ẹ̀rọ bá kan wọ́n, kí ẹ sì fi $5=1 àti $21=1 sọ fún GRBL; nípa bẹ́ẹ̀, bí eku bá gé wáyà, ẹ̀rọ yóò dúró dípò kí ó máa lọ. Ní ti pátákó CNC Shield àtijọ́ tó ń jókòó lórí Arduino Uno (kọ̀ǹpútà kékeré tí GRBL wà nínú rẹ̀), ẹ ṣọ́ra: GRBL 1.1 ń wá súwíṣì Z lórí ẹsẹ̀ 12, kì í ṣe 11 tí wọ́n kọ Z sí lára pátákó náà. Ẹ lo wáyà tí a lọ́ pọ̀ tàbí èyí tó ní awọ irin, ẹ má jẹ́ kí ó bá wáyà spindle rìn pọ̀, kí ẹ sì fi capacitor 100 nF sí ẹnu ibi tó ti wọ pátákó. Láìṣe èyí, ẹ ó máa rí ALARM:1 (ìkìlọ̀ pé ẹ̀rọ ti kan ààlà) nígbà tí nǹkan kan kò kan súwíṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi $22=1 jẹ́ kí $H (àṣẹ tó ń rán ẹ̀rọ lọ kan súwíṣì rẹ̀) máa ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ gígùn ìrìn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí $130, $131 àti $132, kí ẹ sì tan $20, kí ẹ̀rọ lè kọ̀ láti lọ kọjá ààlà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ. Bátìrì ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká yín, okùn USB sì ń fún Arduino ní fólíìtì 5, nítorí náà GRBL kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Yóò máa ka fáìlì lọ, yóò máa ka ìgbésẹ̀, nígbà tí mọ́tò tí ń lo fólíìtì 24 ti kú, tí kò sún kúrò lójú kan. Bí iná bá wá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀rọ yóò tún gbéra láti ibi tó dúró sí, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ibòmíràn ni òun wà, yóò sì ya gba àárín iṣẹ́ yín kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi contactor sí ẹnu iná ẹ̀rọ náà, irú èyí tí iná bá ti lọ yóò já, tí kò sì ní padà wọlé àyàfi bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Bọ́tìnì pupa tí a fi ń pa á ní pàjáwìrì ni kí ó wà lórí okùn kan náà, kí ó lè gé iná spindle àti ti mọ́tò pọ̀.

Láti máa bá iṣẹ́ náà lọ, ó ní láti jẹ́ pé ẹ ti fi G10 L20 P1 X0 Y0 Z0 yan ibi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, ẹ kò sì lo G92. Inú G54, àyè tí GRBL ń kọ ibi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí, ni àṣẹ yẹn ń tọ́jú rẹ̀ sí, inú ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. G92 ní tirẹ̀ yóò pòórá. Bí iná bá dé, ẹ fi ọwọ́ gbé Z sókè kúrò nínú igi, ẹ tún Arduino bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ $H kí ẹ̀rọ lọ kan súwíṣì rẹ̀ kí ó sì mọ ibi tó wà, G54 á sì dá a padà síbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ má fọwọ́ kan bíìtì, ẹ má sì tú igi. Ẹ wá ìlà kan nínú fáìlì, díẹ̀ ṣáájú ibi tí iná ti lọ, níbi tí Z ti gòkè, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ G21 (kí ó máa fi mìlímítà wọ̀n), G90 (kí ó máa wọ̀n láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́), ìyára ìrìn àti àṣẹ tó ń tan spindle ṣáájú rẹ̀. Inverter kékeré, tó ń fi bátìrì gbé iná, náà lè gba yín lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí, nítorí pé ẹ̀rọ 3018 pẹ̀lú spindle àbínibí rẹ̀ kì í sábà ju 120 wáàtì lọ.

Spindle

Bí ìgbà tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí bá dé tí agbára kò sì tíì tó, a lè wá sọ̀rọ̀ spindle. Mọ́tò 775 tí wọ́n fi ṣe é kò wúwo tó ìdajì kílò. Ohun tí àwọn èèyàn ń fi rọ́pò rẹ̀ ni router ọwọ́ tí káfíńtà ń lò láti gé etí pákó, tí ìbú ara rẹ̀ jẹ́ 65 mm, tí agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí 700 wáàtì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó san owó, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo 120 V, iná tiwa sì jẹ́ 230 V. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé 650 wáàtì kò lè gbé e.

Ìṣòro tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á nìyí: ọ̀pọ̀ irú router bẹ́ẹ̀ kò lè yí ní ìyára tó kéré sí 10,000 ní ìṣẹ́jú kan. Èèrún igi tí eyín bíìtì kọ̀ọ̀kan ń bù nígbà kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó tó nǹkan bí 0.05 mm nínú igi líle. Bíìtì eléyín méjì ní 10,000 nígbà náà gbọ́dọ̀ rìn 1,000 mm ní ìṣẹ́jú kan. Férémù tí kò le kò lè rin ìyẹn nínú ìrókò. Yóò lọ ní 400, eyín kò ní bu 0.05 mọ́ bí kò ṣe 0.02, kò ní gé igi mọ́, yóò kàn máa fara ha á, èéfín á sì bẹ̀rẹ̀. Òórùn jíjó tí mo mẹ́nu kàn níṣàájú kò ní lọ, ńṣe ni yóò pọ̀ sí i. Bíìtì eléyín kan ni kí ẹ lò, kí ó máa rin 500 mm ní ìṣẹ́jú kan, kí jíjìn rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan má ju ìdajì ìbú bíìtì lọ, kí ẹ sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí férémù bá ti fara dà á. Router tún wúwo ju 775 lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, nítorí náà ẹ dín ìyára Z kù ní $112 àti bó ṣe ń gbéra ní $122.

Ìyẹ̀fun igi líle wà lára ohun tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kà sí ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ti ìrókò sì tún máa ń yún ara, ó sì máa ń dí èémí. Ẹ lo ìbòmú N95, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku sí ẹnu bíìtì. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ láti lọ jẹun.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń lọ bó ṣe yẹ, ẹ tẹ $$ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ da gbogbo ohun tó bá jáde kọ sínú fáìlì kan, kí ẹ sì tún fi bírò kọ ọ́ sórí bébà tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ férémù. Bí Arduino bá jó lọ́la, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àtúntò ti wà lórí bébà yẹn.